Adìẹ Mẹ́rìnlá Lórí Kọnkéré: Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ Lẹ́yìnkùlé Wa ní Àkúrẹ́

Ọ̀sán Sátidé kan nínú oṣù Kẹfà ọdún 2024 ni mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé tí mo bá adìẹ dúdú wa tó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ lórí kọnkéré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń ta sẹ́yìn, ó na ọrùn mọ́lẹ̀, ó ń fi apá gbá ilẹ̀ pàpàpà, ojú rẹ̀ sì pa dé díẹ̀ bí ti ẹni tí oorun fẹ́ gbé lọ. Àyà mi já. Lúkúlúkú ni ọkàn mi kọ́kọ́ lọ bá. Mo ti rí i nílé àwọn òbí mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé, bó ṣe máa ń yí adìẹ lọ́rùn, tó máa ń rọ ọ́ lápá rọ ọ́ lẹ́sẹ̀, tí agbo adìẹ á fi tán láàárín ọjọ́ díẹ̀. Kí n tó pe bàbá àwọn ọmọ mi síta, adìẹ náà ti dìde, ó gbọn ara rẹ̀ jìgìjìgì, ó sì lọ mumi bí ẹni tí nǹkan kan ò ṣe.

Eruku kankan ò bọ́ lára rẹ̀ nígbà tó gbọn ara. Mo rí i, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí mo rí. Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó yé mi.

Mo fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an, nítorí àwa tó ń sin adìẹ díẹ̀ sẹ́yìn ilé pọ̀ ní Àkúrẹ́, àgbàlá tí sìmẹ́ńtì ò tíì bò sì ń dínkù lójoojúmọ́.

Ilé wa wà lójú ọ̀nà Ìdànrè. Adìẹ mẹ́rìnlá la ní, àti àkùkọ kan. Mẹ́sàn-án nínú wọn jẹ́ pupa, irú èyí tí a ń pè ní adìẹ àgíríkì. Adìẹ ìbílẹ̀ ni márùn-ún yòókù, adìẹ dúdú yẹn sì wà lára wọn. Nígbà tí ara wọn dá ṣáṣá, a máa ń kó ẹyin mẹ́sàn-án tàbí mẹ́wàá lóòjọ́. Àwa àtàwọn ọmọ ń jẹ nínú rẹ̀, mo sì ń ta ìyókù fún àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́.

Ní oṣù Kìíní ọdún náà la da kọnkéré sí gbogbo ẹ̀yìnkùlé. Àgbàrá òjò ọdún tó kọjá ti gbẹ́ ìpìlẹ̀ ọgbà wa débi pé búlọ́ọ̀kù ìsàlẹ̀ ti yọjú síta, a ò sì lè dúró de òjò mìíràn. Abẹ́ igi máńgòrò làwọn òṣìṣẹ́ kọ́kọ́ tẹ́. Níbẹ̀ ni àwọn adìẹ ti gbẹ́ kòtò mẹ́ta tàbí mẹ́rin sí láti ọdún pípẹ́, tí wọ́n máa ń yí ara nínú rẹ̀ tí oòrùn bá ti kan àtàrí. Mo máa ń bínú sí àwọn kòtò yẹn nígbà náà, nítorí eruku tí wọ́n ń tú jáde ń bà lé aṣọ tí mo sá. Inú mi dùn tí mo rí i tí wọ́n dí wọn.

Nígbà tó di oṣù Kẹta, owó oúnjẹ adìẹ fò sókè. Léyà, oúnjẹ adìẹ tó ń yé, la ti ń rà tẹ́lẹ̀. A yí padà sí gírówà, èyí tí wọ́n ṣe fún adìẹ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà, torí owó rẹ̀ fúyẹ́ ju ti léyà lọ níbi tí a ti ń rà á. Kó lè tó wa lọ, mo ń po àgbàdo funfun lílọ̀ mọ́ ọn, ìdajì sí ìdajì. Wọ́n ń jẹ ẹ́ tán, wọ́n sì ń yó. Lójú tèmi, ẹran tó bá ti yó kò ní ìṣòro oúnjẹ mọ́.

Oṣù Karùn-ún ni ẹyin bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ nínú ìtẹ́. Èépo wọn ti fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ìka mi wọ inú ọ̀kan bí mo ṣe ń gbé e. Lẹ́yìn náà ni mo bá èyí tí kò tilẹ̀ ní èépo rárá. Mo gbé e sí àtẹ́lẹwọ́: ó lọ́ wọ́ọ́rọ́, awọ rẹ̀ rọ̀, ó sì ń yẹ̀ sọ́tùn-ún sósì bí ọ̀rá tí a rọ omi kún. Nígbà tí mo gbé e sójú ìmọ́lẹ̀, mo rí pupa ẹyin tó ń léfòó nínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn pupa kọ́ bí wọ́n ṣe ń jẹ ẹyin, ó sì kọ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Ẹyin mẹ́wàá di mẹ́rin.

Ìyẹ́ ìdí wọn náà ń tán lọ. Ọ̀kan nínú wọn pá láti ìdí dé ikùn, tó fi jẹ́ pé àlejò kan bi mí pé ṣé òpìpì ni. Ogbe wọn ṣì. Lóru, dípò kí wọ́n dákẹ́ lórí igi tí wọ́n wọ̀ sí, a máa ń gbọ́ tí wọ́n ń fi ẹnu ṣá ara wọn, tí wọ́n ń pààrọ̀ ẹsẹ̀.

Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló wá sọ fún mi pé adìẹ kan ń sùn sínú oúnjẹ. Mo jáde, mo sì rí i: adìẹ pupa kan ló dùbúlẹ̀ sínú ọpọ́n oúnjẹ, tó ń fi ẹnu wa gírówà sábẹ́ àyà, tó ń fi apá dà á sẹ́yìn ara rẹ̀. Mo pariwo lé e kúrò. Bàbá àwọn ọmọ mi sì fi wáyà sí ojú ọpọ́n náà, kó lè jẹ́ pé orí nìkan ni wọ́n á máa rí kì bọ̀ ọ́. Ó dùn mí títí di òní tí mo bá rántí. Ibì kan ṣoṣo tó kù lágbàlá tí wọ́n ti lè rí nǹkan lẹ́búlẹ́bú fi ra ara, àwa la dí i.

Ìmọ̀ràn ò wọ́n wa nígbà náà. Ìyá tó ń tajà níwájú ilé ní kí n fún ewúro sínú omi wọn, mo sì ṣe é. Mi ò ní bú ewúro, ṣùgbọ́n kò mú kòkòrò kan kúrò lára adìẹ wa. Mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan, mo ra oògùn tí wọ́n ń pò mọ́ omi adìẹ láì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wò wọ́n. Ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n fi mu ún. Gbogbo ọjọ́ yẹn àti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e la ò fi lè jẹ ìwọ̀nba ẹyin tí wọ́n ń yé, nítorí oògùn ń bá ẹyin jáde. Kò yí nǹkan kan padà. Ẹnìkan tó ní oko sọ pé kí n bu díẹ̀ nínú oògùn tí wọ́n ń fín sí kókó, kí n pò ó mọ́ omi, kí n rì wọ́n bọ̀ ọ́. Èyí ni mo kọ̀ jálẹ̀, mo sì ń bẹ ẹnikẹ́ni tó bá ń ka ọ̀rọ̀ yìí pé kó kọ̀ ọ́ pẹ̀lú. Igi kókó ni wọ́n ṣe oògùn yẹn fún. Ó ń gba awọ wọ inú ara adìẹ, ó ń tẹ̀lé e dé inú ẹyin, ọmọ wa ni yóò sì jẹ ẹyin náà láàárọ̀ ọjọ́ kejì.

Dókítà ẹran tí àbúrò mi mú wá dé ní ìrọ̀lẹ́. Àbúrò mi ọkùnrin yìí ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa ọ̀sìn ẹran ní FUTA, yunifásítì ìmọ̀ ẹ̀rọ ti ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Àkúrẹ́, òun ló sì ń yọ mí lẹ́nu pé kí n yé fi ojú inú wo àìsàn. Dókítà náà ò béèrè oògùn tí mo ti lò. Ó gbé adìẹ pupa kan, ó dojú rẹ̀ dé sí itan, ó ní kí ọmọ mi tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó sì fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí ìyẹ́ ìdí rẹ̀. Ìyẹ́ là sí méjì, awọ pupa hàn, a sì rí wọn: iná adìẹ, aláwọ̀ koríko gbígbẹ, tí wọ́n ń sáré ká awọ náà láti sá fún ìmọ́lẹ̀. Ní ìdí ìyẹ́ kọ̀ọ̀kan ni ẹyin wọn lẹ̀ pọ̀ mọ́ra bí iyọ̀ tó dì, tó nípọn tó orí ìṣáná. Ọmọ mi fẹsẹ̀ fẹ. Dókítà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó sọ fún un pé iná adìẹ kì í gbé ara èèyàn.

Ó ṣàlàyé fún wa pé ara adìẹ ni iná yìí ń gbé láti ìgbà tí wọ́n bá ti pa á títí tó fi máa kú. Èérún ìyẹ́ àti awọ ló ń jẹ, ó sì lè já awọ débi tí ẹ̀jẹ̀ á fi yọ. Láàárín bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ẹyin rẹ̀ ti di àgbà tí yóò tún yé tirẹ̀. Ó ní kòkòrò mìíràn tún wà, pupa kékeré, tó jẹ́ pé òru ló ń jáde wá mu ẹ̀jẹ̀, tó ń sá padà sínú pàlàpálá igi kí ilẹ̀ tó mọ́, nítorí náà kí a fi aṣọ funfun nu abẹ́ igi tí wọ́n ń wọ̀ sí lóru, kí a wò bóyá ẹ̀jẹ̀ á hàn lára aṣọ. A ṣe é lóru ọjọ́ náà àti ọjọ́ kejì. Aṣọ náà mọ́ kedere. Iná nìkan ni tiwa.

Lẹ́yìn náà ló mú ọwọ́ mi, ó fi ìka mi lé eegun àyà adìẹ náà. Eegun tó yẹ kó lọ tààrà bí ojú ọ̀bẹ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́.

Ó wá wo àgbàlá yíká, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, níbo ni wọ́n ti ń wẹ̀?”

Mo ní a máa ń fún wọn lómi láàárọ̀ àti lálẹ́.

“Kì í ṣe omi ni mo ń wí, mà. Erùpẹ̀ ni.”

Ìgbà náà ni adìẹ dúdú ọjọ́ Sátidé yẹn padà sójú mi. Kì í ṣe wárápá, kì í ṣe lúkúlúkú. Ó ń wẹ̀ ni, lórí sìmẹ́ńtì, láìsí nǹkan tí yóò fi wẹ̀. Dókítà ní bẹ́ẹ̀ ni adìẹ rí: tí ó bá pẹ́ tí kò rí ilẹ̀, ara rẹ̀ á ti í títí yóò fi dùbúlẹ̀ sórí ohunkóhun tó bá rí, á máa ṣe gbogbo ìṣe ìwẹ̀ náà lórí ilẹ̀ lásán, tàbí nínú oúnjẹ rẹ̀.

Kí n sọ ohun tí ìwẹ̀ yìí ń ṣe, nítorí ọ̀pọ̀ wa ló rò pé eré ni. Adìẹ ní àpò òróró kékeré kan lókè ìrù, ibẹ̀ ló ti ń fi ẹnu mú òróró pa ìyẹ́ rẹ̀. Tí òróró náà bá pẹ́ lára, á le, á mú ìyẹ́ lẹ̀ mọ́ra, ibẹ̀ sì ni iná ń fi ṣe ilé. Erùpẹ̀ gbígbẹ tó kúnná ń fa òróró àtijọ́ yìí kúrò, ó ń há kòkòrò náà mọ́, ó ń bó o lára, nígbà tí adìẹ bá sì dìde gbọn ara, gbogbo rẹ̀ á jáde pọ̀. Adìẹ tó rí ilẹ̀ tó dára máa ń ṣe é bí ẹ̀ẹ̀kan lọ́jọ́ méjì, ní ọ̀sán gangan, bí ìdajì wákàtí tàbí kó dín díẹ̀.

Dókítà fún wa ní páúdà tí wọ́n ń bù sábẹ́ apá àti sí ìdí, ó ní kí a tún un ṣe lọ́jọ́ kẹwàá, nítorí páúdà kì í pa ẹyin iná, àwọn tó bá pa lẹ́yìn náà ni ti ẹlẹ́ẹ̀kejì wà fún. Ṣùgbọ́n ó ní tí a bá fi mọ sórí páúdà, a ó padà ra òmíràn ní oṣù Kẹsàn-án.

Ìwẹ̀ tí a kọ́kọ́ ṣe fún wọn ò dáa. Táyà ọkọ̀ àtijọ́ ni a fi sílẹ̀, a sì rọ yanrìn tó ṣẹ́kù lára ti kọnkéré sínú rẹ̀. Yanrìn náà ki, ó ní òkúta wẹ́wẹ́ púpọ̀. Àwọn adìẹ wọ inú rẹ̀, wọ́n ha á lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n ṣa òkúta kéékèèké díẹ̀ jẹ, wọ́n sì jáde.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ló burú. Ìyá mi ló wá kí wa láti Ìdànrè. Wọ́n gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ní láyé àwọn, eérú ni wọ́n ń dà síbi tí adìẹ ń yí sí. Òótọ́ ni wọ́n sọ, eérú díẹ̀ máa ń ran erùpẹ̀ lọ́wọ́. Àmọ́ ìyá mi ń se ọṣẹ dúdú, àpò eérú tí wọ́n mú wá sì jẹ́ eérú èèpo kókó tí wọ́n fi ń se ọṣẹ. A da gbogbo rẹ̀ sínú táyà náà, ó kún dé ẹnu. Àwọn adìẹ bọ́ sínú rẹ̀ lọ́jọ́ náà, inú gbogbo wa dùn. Lóru, òjò ńlá rọ̀, táyà ò sì ní òrùlé. Kí a tó jí, àwọn adìẹ ti jáde, wọ́n ti tún wọ inú eérú tútù náà.

Ọ̀sán ni a rí i pé wọn ò fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Àtẹ́lẹsẹ̀ wọn pupa, awọ àyà àwọn tó ti pá sì ń bó. Èmi ò mọ ohun tó fà á. Ìyá mi ló gbé ọ̀kan, tí wọ́n fi àtàǹpàkò ra ẹsẹ̀ rẹ̀, tí ìka wọn sì ń yọ̀ bí ẹni tó di ọṣẹ mú. Wọ́n dákẹ́. Ẹni tó bá ń se ọṣẹ mọ omi eérú kókó: ó ń jẹ ọwọ́, ìyá mi sì máa ń fi ṣóńṣó ahọ́n tọ́ ọ wò láti mọ̀ bó ṣe le tó kí wọ́n tó da àdín sí i. Wọ́n ní, “Omi ọṣẹ ni mo fi wẹ àwọn ọmọ ẹran yìí láìsí epo.” A fi omi tó mọ́ ṣan ẹsẹ̀ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ṣíṣàn ṣíṣàn, títí yíyọ̀ náà fi kúrò, ìyá mi sì fi òrí pa wọ́n. Ó gbà wọ́n ní ọjọ́ mẹ́fà kí wọ́n tó rìn dáadáa. Eérú èyíkéyìí tó bá rin lè ṣe bẹ́ẹ̀, ti kókó ló kàn le jù. Sìmẹ́ńtì tó bá ṣẹ́kù sínú àpò pẹ̀lú kò yàtọ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fi sínú ìwẹ̀ adìẹ.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni adìẹ pupa tó ń yé jù nínú wọn ò lè dìde láàárọ̀. Ó fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ nínú ilé adìẹ, ojú rẹ̀ mọ́, ó ń jẹun tí a bá gbé e sí i lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ kò gbé e. Dókítà sọ lórí fóònù pé eegun rẹ̀ ló ti ń fi ṣe èépo ẹyin láti ọjọ́ yìí wá. A yà á sọ́tọ̀, a fún un ní kálísíọ́mù inú omi. Ọjọ́ kẹrin ló kú. Ó ti yé ẹyin kan sílẹ̀ kó tó kú.

Àbúrò mi ló jókòó tì mí ní tábìlì, tó fi bírò ṣe ìṣirò rẹ̀ sẹ́yìn kàlẹ́ńdà. Adìẹ tó ń yé ń jẹ bíi gíráàmù 115 lóòjọ́. Léyà ní kálísíọ́mù tó tó gíráàmù mẹ́ta àbọ̀ sí mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún, nítorí náà adìẹ ń rí bíi gíráàmù mẹ́rin gbà lóòjọ́. Èépo ẹyin kan ń gba bíi gíráàmù méjì. Gírówà kò ní ju bíi gíráàmù kan nínú ọgọ́rùn-ún lọ, àgbàdo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní rárá. Tí a bá dà wọ́n pọ̀ ní ìdajì sí ìdajì, ohun tí mo ń fún wọn kò tó gíráàmù 0.6 lóòjọ́. Ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀, ó wò mí. Adìẹ ń yọ gíráàmù méjì síta, ó ń gba ohun tí kò tó ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ wọlé. Inú eegun ni yóò ti mú ìyókù, títí eegun náà ò fi ní lè gbé e mọ́.

A padà sí léyà lọ́jọ́ náà. Mo dín iye adìẹ kù dípò oúnjẹ: mo fún ìyá mi ní méjì nínú àwọn ìbílẹ̀, ó sì ku mọ́kànlá fún wa. Ẹni tó bá ní òròmọdìẹ láàárín wọn kó má fún òròmọdìẹ ní léyà o, kálísíọ́mù tó pọ̀ bẹ́ẹ̀ ń ba kíndìnrín ọmọ adìẹ jẹ́.

Fún àfikún, a ò lọ jìnnà. Ìgbín kì í wọ́n ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ìkarahun rẹ̀ sì ni àwọn tó ń tà á ní Ọjà Ọba ń kó dànù. Mo bẹ̀ wọ́n, wọ́n fún mi ní ẹ̀kún àpò kan. Mo fọ̀ ọ́, mo yan án lórí ààrò títí tó fi di funfun, mo sì gún un nínú odó. Má gún un di ìyẹ̀fun. Kó rí bí ìrẹsì tó ṣẹ́, nítorí òru ni adìẹ ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú èépo ẹyin, bíi ogún wákàtí ni iṣẹ́ náà sì ń gbà. Èyí tó ki díẹ̀ á dúró sínú iwe, á máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́. Ìyẹ̀fun á ti kọjá lọ. A gbé e sínú abọ́ tirẹ̀, a ò pò ó mọ́ oúnjẹ.

Ohun tí mo rí nídìí abọ́ yìí wú mi lórí ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ní nǹkan bí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́, àwọn pupa tó ń yé á sáré lọ síbẹ̀, wọ́n á ṣa á jẹ bí ẹni pé àgbàdo ni. Àkùkọ tọ́ ọ wò lẹ́ẹ̀kan, ó fi sílẹ̀. Adìẹ ìbílẹ̀ kan tó ń sàba nígbà náà ò yà síbẹ̀ títí ó fi pa ọmọ, ìgbà tó tún bẹ̀rẹ̀ sí í yé ni a tún rí i níbẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ́ wọn. Ìdí nìyí tí kò fi yẹ kí a pò ó mọ́ oúnjẹ gbogbo wọn: oníkálukú mọ ìwọ̀n tirẹ̀.

Òkúta wẹ́wẹ́ náà yàtọ̀ sí ìkarahun. Àwọn àgbà ní adìẹ ń jẹ ọkà, ó ń mumi, ó ń gbé òkúta pẹ́pẹ̀pẹ́ mì, ó ní òun ò léyín. Ìdérègbè tó léyín, ṣé ó ń gbé irin mì ni? Òkúta yẹn gan-an ni eyín adìẹ, inú iwe ló ti ń lọ ọkà. Ìkarahun á yọ́ tán, òkúta kì í yọ́. Kọnkéré tí a dà ti gba òkúta lọ́wọ́ wọn pẹ̀lú erùpẹ̀, ìdí nìyí tí wọ́n fi ṣa yanrìn inú táyà jẹ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. A fi abọ́ kékeré kan sílẹ̀ fún un. Mo tún ń so tẹ̀tẹ̀ àti ewé ìbẹ́pẹ mọ́ ọgbà fún wọn, àgbàdo pupa la sì fi rọ́pò funfun, èyí tó dá àwọ̀ pupa ẹyin padà. Dókítà kìlọ̀ pé gbogbo jíjẹ-dídùn bẹ́ẹ̀, àgbàdo àti ewé àti ìyókù oúnjẹ ilé, kó má kọjá ìdá kan nínú mẹ́wàá ohun tí wọ́n ń jẹ.

Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ni bàbá àwọn ọmọ mi gbé òòlù ńlá. Abẹ́ máńgòrò, ní ibi tí kòtò wọn wà tẹ́lẹ̀, ló fọ́: mítà méjì ní gígùn, mítà kan àbọ̀ ní fífẹ̀. Ó dùn ún, owó rẹ̀ la fi da kọnkéré yẹn, ṣùgbọ́n kò ráhùn. Ó gbẹ́ ẹ tó ẹsẹ̀ bàtà kan, ó fi búlọ́ọ̀kù ìlà kan yí etí rẹ̀ ká kí omi orí kọnkéré má baà ṣàn wọlé, ó sì fi páànù àtijọ́ ṣe òrùlé sí i lórí igi mẹ́rin. A lọ gbẹ́ erùpẹ̀ láti ilẹ̀ aládùúgbò tí wọn ò tíì kọ́, a sá a sórí tàpólì fún ọjọ́ méjì, àwọn ọmọ sì fi asẹ́ jọ̀ ọ́. Erùpẹ̀ bárò méjì sí yanrìn kíkúnná bárò kan, àti abọ́ eérú igi lásán kan ṣoṣo, tó ti tutù, tó sì gbẹ. A ò fi kún un ju bẹ́ẹ̀ lọ, torí eruku tó bá kúnná jù ń wọ ẹ̀dọ̀fóró wọn.

A ṣílẹ̀kùn fún wọn ní nǹkan bí aago méjìlá. Adìẹ dúdú ló kọ́kọ́ dé etí rẹ̀. Ó dúró. Ó yọ ọrùn, ó fi ẹnu tọ́ ọ, ó ha á lẹ́ẹ̀kan pẹ̀lú ẹsẹ̀ ọ̀tún. Lẹ́yìn náà ló kálẹ̀, ó fún gbogbo ìyẹ́ rẹ̀ sókè títí tó fi tóbi ní ìlọ́po méjì, ó fi ẹnu wa erùpẹ̀ sábẹ́ àyà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi apá gbọ́n ọn sókè, tó ń dà sí ẹ̀yìn rẹ̀, tó ń wọ ìdí ìyẹ́. Ó dojú ẹ̀gbẹ́ kan dé, ó fi orí ra ilẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń ta sẹ́yìn. Gbogbo ohun tí mo rí lọ́jọ́ Sátidé oṣù Kẹfà ni, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n erùpẹ̀ wà níbẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí. Àwọn yòókù ya wọlé, wọ́n gun ara wọn. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan kó tó dìde. Nígbà tó gbọn ara, eruku bo gbogbo wa, aṣọ tí mo sá náà ò yọ.

Nǹkan ò tún ṣe lọ́jọ́ kan. Ní òpin oṣù Kẹjọ, èépo ẹyin ti le padà. Lẹ́yìn páúdà ẹlẹ́ẹ̀kejì, a tún wo ìdí wọn lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì, a rí iná méjì péré lára ọ̀kan. Ní oṣù Kẹsàn-án, a ò rí ìkankan. Ìyẹ́ tuntun bẹ̀rẹ̀ sí í yọ bí abẹ́rẹ́ níbi tó ti pá. Mẹ́jọ ni pupa tó kù, ẹyin méje ni wọ́n ń yé lóòjọ́ láì ka ti ìbílẹ̀. Èyí tó ń jẹ ẹyin jáwọ́ nígbà tí kò rí èyí tó rọ̀ mọ́, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ò jáwọ́, a sì pa á jẹ. Eegun àyà àwọn tó ti wọ́ ò tọ́ padà, dókítà ní kò ní tọ́ mọ́. Àárọ̀ Sátidé ni àwọn ọmọ ń kó ìgbẹ́ kúrò nínú ìwẹ̀ náà, wọ́n á fi ọkọ́ tú u, wọ́n á sì fi erùpẹ̀ gbígbẹ kún un.

Ìyá mi tún wá ní oṣù Kẹwàá, pẹ̀lú àpò kékeré kan lábẹ́ apá. Kí wọ́n tó jókòó ni wọ́n ti kọjá sí abẹ́ máńgòrò. Erùpẹ̀ ni wọ́n gbé wá, kíkúnná, gbígbẹ, tí wọ́n ti fi ajọ̀ jọ̀ láti Ìdànrè. Mo na ọwọ́ pé kí n wò ó.

“Má yọ ara rẹ lẹ́nu,” ni wọ́n wí. “Mo ti po ó mọ́ omi tọ́ ọ wò. Kò ta ahọ́n.”